Tọkọtaya Méjì, Ìpinnu Méjì

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:1-11, 18:1-4, 18-26



Ẹ ti gbọ́ ìkéde tí a ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, pé Bàbá àti Màmá kan nínú ìjọ wa yóò fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ fún oṣù 18, láti lọ ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní agbègbè Kétu ní ilẹ̀ Benin, láàárín àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá bíi tiwa. Àwọn kan yọ̀. Àwọn mìíràn ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ní ọjọ́ orí wọn yìí? Ṣé kò yẹ kí wọ́n jókòó sinmi ni?" Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Nínú ìwé Ìṣe, a rí tọkọtaya méjì tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Ananíà àti Sàfírà ṣọ̀kan láti fi apá kan owó ilẹ̀ wọn pamọ́, kí wọ́n sì purọ́ pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Akuila àti Priskilla ṣọ̀kan láti fi ara wọn àti ilé wọn fún Olúwa. Nítorí náà, ìṣọ̀kan nìkan kò tó. Ohun tí a ṣọ̀kan lé lórí ni Ọlọ́run ń wò.

Àtìpó ni Akuila àti Priskilla, gẹ́gẹ́ bí àwa náà. Kíláúdíù Késárì lé àwọn Júù kúrò ní Róòmù, wọ́n bá wá sí Kọ́ríńtì, wọ́n ń pa àgọ́ jẹun. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń lọ, wọ́n tún di ẹrù wọn, wọ́n bá a lọ sí Éfésù. Ẹ kíyè sí i: àṣẹ ọba ló gbé wọn kúrò ní Róòmù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lé wọn kúrò ní Kọ́ríńtì. Ìfẹ́ Olúwa ló gbé wọn. Ní Éfésù, wọ́n gbọ́ ìwàásù Àpólò, wọ́n rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó. Wọn kò dójú tì í níwájú èrò. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì là á yé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìgbà 6 ni Májẹ̀mú Tuntun dárúkọ wọn, kò sì sí ìgbà kan tí a dárúkọ ọ̀kan láìdárúkọ èkejì.

Bíbélì kò sọ ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 75 ni Abrahamu nígbà tó jáde kúrò ní Háránì, Sárà sì jẹ́ ẹni ọdún 65. Ìpè Ọlọ́run kò ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Bàbá àti Màmá wa gbà mí láyè kí n sọ èyí. Bàbá ló kọ́kọ́ gbọ́ ìpè náà. Nígbà tó sọ ọ́, Màmá sunkún. Orúnkún ń dùn ún. Òun ló ń mú ọmọ-ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé ní àràárọ̀. Ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú kò tíì ní fèrèsé. Bàbá ìbá ti sọ pé, "Èmi ni olórí ilé." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù 8 ló fi dákẹ́, tó ń gbàdúrà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Màmá fúnra wọn ló ní, "Ẹ gbọ́ ná. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wẹ egbò àwọn tí n kò mọ̀ rí, nítorí owó oṣù. Ṣé n kò lè fi oṣù 18 ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún Jésù?" Owó fèrèsé ló di owó ọkọ̀ òfurufú.

Ọmọ wọn obìnrin kò tíì gbà tán. Ó bi mí pé, "Pásítọ̀, bí nǹkan bá ṣe wọ́n níbẹ̀ ńkọ́?" N kò lè ṣèlérí fún un pé nǹkan kan kò ní ṣe wọ́n. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ẹni tó wà pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ìlú òyìnbó láìmọ ẹnikẹ́ni kò tíì fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé gbèsè wà lọ́rùn wa. Ní 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé Ìbàdàn. Ogun Ìjàyè bá wọn níbẹ̀, ebi pa wọ́n, síbẹ̀ wọn kò sá. Irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ló gbé ìhìnrere dé ẹnu ọ̀nà àwọn bàbá wa.

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kù nílé ní iṣẹ́ tiwọn. Ọjọ́ 5 ni ilé-ìwé ń ṣí lọ́sẹ̀. A ń wá ẹni 5 tí yóò máa mú ọmọ náà lọ, ọjọ́ kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rí mi lẹ́yìn ìsìn.

Kí Olúwa fún ẹ̀yin tọkọtaya ní ohùn kan, kí ohùn náà sì jẹ́ ti ìgbọràn. Àmín.