Ǹjẹ́ Ìyà Tí Ẹranko Ń Jẹ Kan Onígbàgbọ́?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra sílẹ̀ de ìrìbọmi, nígbà tí ẹ̀kọ́ bá dé orí òfin karùn-ún, ẹnìkan a máa bèèrè pé: Ọlọ́run ní kí á má ṣe pànìyàn, ẹranko ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Kátíkísíìmù Ìjọ Kátólíìkì, tí Pópù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi lélẹ̀ ní 1992, kò fi ọ̀rọ̀ ẹranko sí abẹ́ òfin yìí. Abẹ́ òfin keje, tí ó kọ olè jíjà, ni ó fi í sí, ní ìpínrọ̀ 2415 sí 2418. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ ẹ́. Ọlọ́run ni ó ni ẹranko. Ẹni tí ó bá sì gba adìyẹ sìn mọ̀ pé òun yóò jíyìn fún ẹni tí ó ni ín.

Ìjọ kò ní kí á má jẹ ẹran, tàbí kí á má fi ẹranko ṣiṣẹ́. Ohun tí ó lòdì sí iyì ènìyàn ni kí á fìyà jẹ ẹranko, tàbí kí á pa á, láìnídìí. Ó tún kìlọ̀ pé kí á má ṣe ná owó tí ó tọ́ sí tálákà lé ẹranko lórí. Ewu yìí kò wọ́pọ̀ ládùúgbò wa.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, Ẹni Mímọ́ Tọ́másì ará Àkúínò kọ́ni pé ẹni tí ó bá ń ṣàánú ẹranko yóò túbọ̀ lè ṣàánú ọmọnìkejì rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní, ẹni tí yóò bá fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ọwọ́ tí ó di igi mú ni Tọ́másì ń wò. Òwe wa ń wo ara ẹyẹ. A nílò méjèèjì.

Ẹ ka orí 22 nínú Ìwé Nọ́ńbà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù rí áńgẹ́lì tí olúwa rẹ̀ kò rí, ó yà kúrò lọ́nà, Báláámù sì lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rò pé ẹranko náà fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni. Ìtìjú di ìbínú, ìbínú di ẹgba lára ẹni tí kò lè fèsì. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ẹgba bẹ́ẹ̀? Ọlọ́run wá la ẹnu ẹranko náà, ó sì bèèrè ohun tí òun ṣe. Áńgẹ́lì náà bi Báláámù léèrè ìdí tí ó fi lù ú. Kì í ṣe ọkàn Báláámù nìkan ni Ọlọ́run ń rò níbẹ̀.

Ní Lomé níhìn-ín, a ń gbé adìyẹ lórí alùpùpù láti ọjà dé ilé, ẹsẹ̀ ní dídè, orí nísàlẹ̀, nínú oòrùn. Ẹni tí ó ń gbé e kì í ṣe òǹrorò. Ó ti mọ́ ọn lójú ni. Yóò ní, “Ṣebí a ó pa á lónìí náà?” Ṣùgbọ́n ikú ọ̀tọ̀, ìyà ọ̀tọ̀. Ikú adìyẹ náà nídìí, nítorí oúnjẹ ni. Ìyà ojú ọ̀nà kò nídìí kankan. Agbọ̀n kan ti tó láti mú un kúrò.

Àwọn kan nínú yín tí wọ́n ti ilé vodun wá mọ ọjà Akodessewa, níbi tí orí ọ̀bọ, orí ajá àti ẹyẹ gbígbẹ wà lórí àtẹ. Òfin kìíní ni Ìjọ fi kọ ohun tí a ń fi wọ́n ṣe, kì í ṣe pé ẹranko kú. Àwa náà ń pa ẹran. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ibẹ̀ nìkan. Ewúrẹ́ kò mọ ẹ̀sìn ẹni tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ní Kérésìmesì tí ń bọ̀, ẹ bi ẹni tí yóò dúńbú ẹran nílé yín bóyá ó ti pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀.