ÒDÒDÓ TÍ A FI RÁNṢẸ́

Bíbélì kíkà: Jòhánù 12:1-8, Mátíù 25:36, Fílípì 2:25-30

  

Òdòdó ni ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí. Ìdì òdòdó tútù ni a ń wí, èyí tí à ń gbé lọ fún ẹni tó bímọ, fún ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn, àti fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èyí tí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń sanwó rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde nínú ìpàdé àwa obìnrin, apá méjì ni a máa ń pín sí. Apá kan a ní ìnákúnàá ni, kí a fi owó náà ra gàrí fún opó. Apá kejì a ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu, pé bí òdòdó bá ti dé ibẹ̀, ẹgbẹ́ ti dé ibẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ apá méjèèjì wá síwájú Olúwa.

Apá kìíní ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí òun ni ó jọ ọ̀rọ̀ olùfọkànsìn jù. Ní Bẹ́tánì, nígbà tí Àjọ Ìrékọjá ku ọjọ́ mẹ́fà, Màríà mú òróró ìkunra olówó ńlá, ó dà á sí ẹsẹ̀ Jésù, ó fi irun orí rẹ̀ nu ẹsẹ̀ náà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ta ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò owó? Júdásì ni. Ó ní ì bá ti di ọ̀ọ́dúnrún owó idẹ fún àwọn tálákà. Owó náà kì í ṣe kékeré, nítorí owó idẹ kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe ní ayé ìgbà náà (Mátíù 20:2). Síbẹ̀, Jésù kò bá Màríà wí, ẹni tó ń ṣírò owó ni ó dá lẹ́kun. Ohun tí a kò lè jẹ, tí a kò lè wọ̀, tí òórùn rẹ̀ kò ní í pẹ́ lọ, Olúwa gbà á lọ́wọ́ obìnrin náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe ka òdòdó tí arábìnrin kan fi yẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Olúwa sọ pé àwọn tálákà wà pẹ̀lú wa nígbà gbogbo. Irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Diutarónómì 15:11, ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run sì ti pàṣẹ pé kí á la ọwọ́ wa sí wọn. A lè ṣe méjèèjì. Ká sọ òtítọ́, a ti rí ẹgbẹ́ tí ó dá owó òdòdó dúró nítorí gàrí opó. Òdòdó kò lọ mọ́, gàrí náà kò sì dé.

Ẹ tún kíyè sí i pé Màríà fúnra rẹ̀ ni ó gbé òróró náà wá, ojú Olúwa sì ṣì là. Àwọn obìnrin tí wọ́n gbé ohun olóòórùn dídùn lọ sí ibojì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ kò bá òkú níbẹ̀ (Lúùkù 24:1-3). A dúpẹ́ pé wọn kò bá a. A kò sì kẹ́gàn wọn, ìfẹ́ ni wọ́n fi jí lọ, àwọn sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìyìn ayọ̀ àjíǹde. Ṣùgbọ́n òróró ti Màríà ni ó bá ẹsẹ̀ tó ṣì ń rìn.

Ó wá ku apá kejì, àwọn tó ní òdòdó ti tó.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò mọ fífi òdòdó ránṣẹ́. Obì, orógbó, ataare, oyin àti aṣọ ni a fi ń yẹ́ ara wa sí. Kódà nínú Bíbélì Yorùbá wa, aṣọ pupa inú àgọ́ ìpàdé ni ọ̀rọ̀ náà òdòdó dúró fún (Ẹ́kísódù 25:4). Ìtànná ni ohun tó wà lórí igi. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan, ẹsẹ̀ ni à ń fi lọ. Àwọn kan á sùn tì í, àwọn kan á bá a dáná, àwọn kan á kàn jókòó lórí ẹní láìsọ nǹkan kan. Àwọn àgbà sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. A kò kọ àṣà tuntun o. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé kí àṣà tuntun máa fún wa láàyè láti jókòó sílé.

Ó yẹ kí àwa Mẹ́tọ́díìsì fetí sí èyí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Amẹ́ríkà ni òdòdó Ọjọ́ Ìyá tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń ṣe nínú oṣù Karùn-ún ti bẹ̀rẹ̀. (Ti inú Lẹ́ńtì tí ìjọ wa ń ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ó sì ti pẹ́ ju èyí lọ.) Ìyá kan wà ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní West Virginia lónìí, Ann Reeves Jarvis ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní ìlú Grafton. Ó bí ju ọmọ mẹ́wàá lọ, mẹ́rin péré ni ó dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí nínú wa, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Èèyi, ibà taifọ́ọ̀dù àti irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó àwọn ọmọdé lọ nígbà náà. Ìyá yìí sunkún, ó sì dìde. Láti 1858 ni ó ti ń kó àwọn obìnrin jọ láti ìlú kan dé èkejì. Wọ́n ń dáwó ra oògùn. Wọ́n ń yẹ mílíìkì àti oúnjẹ wò kí ọmọdé tó jẹ ẹ́. Wọ́n ń gba obìnrin tí yóò máa ṣiṣẹ́ ilé fún ìdílé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dá ìyá wọn dùbúlẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, wọ́n tọ́jú ọmọ ogun ìhà méjèèjì, wọn kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi.

Ìyá náà sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1905. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, 1908, wọ́n ṣe ìsìn ìrántí àwọn ìyá nínú ìjọ rẹ̀ ní Grafton. Anna ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, Philadelphia ni ó wà. Ṣùgbọ́n ó fi òdòdó funfun 500 ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní carnation, nítorí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òdòdó yìí kì í tú dànù bí ó bá ń kú lọ, pé ṣe ni ó máa ń kó ara rẹ̀ mọ́ àyà, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń gbá ọmọ mọ́ra. Nígbà tó di 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson kéde ọjọ́ náà fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ta òdòdó fi rí i pé ọjà dé. Owó rẹ̀ ń ga sókè bí oṣù Karùn-ún bá ti ń sún mọ́ tòsí. Àwọn ọmọ ń sanwó, wọ́n ń fọwọ́ sí káàdì tí ẹlòmíràn ti bá wọn kọ, wọ́n sì gbà pé ó parí. Inú bí Anna. Ó ní ọ̀lẹ ni ọmọ tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìyá tó ṣe é lóore ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1925, ó lọ da ìpàdé àwọn obìnrin kan rú ní Philadelphia nítorí pé wọ́n ń ta òdòdó náà, àwọn ọlọ́pàá sì mú un. Ẹjọ́ ni ó fi ohun ìní rẹ̀ rò títí. Ní 1948 ni ó kú ní ilé ìtọ́jú, kò lọ́kọ, kò bímọ, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́.

A kò ní gbogbo ohun tí ó ṣe ni ó bá ọgbọ́n mu. Ẹ̀sùn tí ó fi kan òdòdó pọ̀ jù, bóyá ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè fiyè dénú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn ún yé wa. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe láti ilé dé ilé ni òdòdó náà wà fún. Àwọn ènìyàn mú òdòdó, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

John Wesley baba wa ti rí i tipẹ́. Nínú ìwàásù tí ó kọ ní 1786 lórí bíbẹ aláìsàn wò, ó ní ọ̀rọ̀ tí Olúwa lò nínú Mátíù 25:36 túmọ̀ sí pé kí a fi ojú wa rí ẹni náà, pé ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ẹni tó fi ìrànwọ́ ránṣẹ́ láìlọ lè ran aláìsàn lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbùkún tí ọkàn òun fúnra rẹ̀ ì bá rí gbà níbẹ̀ yóò fò ó ru. Ó sì ké sí àwọn obìnrin ní tààrà pé iṣẹ́ tiwọn náà ni, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ìjókòó ni tiwọn.

Opó kan nínú àwọn tí a bẹ̀ wò sọ fún wa pé òdòdó márùn-ún ni ó wà lórí ibojì ọkọ òun ní ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo wọn ní orúkọ ẹgbẹ́ lára. Ó ní ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, òun a máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, òun a sì dìde láti ṣílẹ̀kùn, ẹni tó ń lọ sílé ara rẹ̀ ni. Nínú oṣù kẹta ni ìyá àgbà kan láti kíláàsì rẹ̀ wá. Ó gé òdòdó pupa lára èyí tó gbìn sí etí ògiri ilé rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ dání. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi òdòdó náà sí. Opó yìí kò lè rántí ohunkóhun tí ìyá náà sọ. Ó rántí pé ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ẹni tí kò lè rìn yóò ṣe? Orúnkún ń dun àwọn kan nínú wa, òkun sì là àwa àti àwọn ọmọ wa láàárín. Ìwé Mímọ́ kò fi wá sílẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà nínú ìdè, gbogbo ìjọ Fílípì kò lè lọ. Wọ́n fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, Pọ́ọ̀lù sì fi ẹ̀bùn náà wé òórùn dídùn níwájú Ọlọ́run (Fílípì 4:18). Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni wọ́n fi rán? Ọwọ́ Épáfíródítù, ẹni tí ó dúró ti Pọ́ọ̀lù, tí ó ṣe ìránṣẹ́ fún un, tí ó sì ṣàìsàn dé ojú ikú nítorí iṣẹ́ náà. Ẹ̀bùn dé, ènìyàn sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, bí ẹ bá fi òdòdó ránṣẹ́ sí ìyá yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún yín lówó rẹ̀. Ẹ wá tẹ arábìnrin kan nínú ìjọ láago pé kí ó bá yín jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, a gba àwọn ẹgbẹ́ wa ní ìmọ̀ràn pé kí a má ṣe rán òdòdó kankan jáde láìdárúkọ obìnrin méjì tí yóò gbé e lọ, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe bá ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí wọn kì í gba òdòdó sí àwọn yàrá kan, pàápàá níbi tí àwọn tí iná jó bá wà. Bí ó bá jẹ́ aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, oúnjẹ ni kí ẹ gbé lọ, ẹ má sì pẹ́, nítorí wọn kì í fi ìsìnkú falẹ̀. Kò pọn dandan kí òdòdó jẹ́ èyí tí a rà. Ti ẹ̀yìnkùlé dára. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gé e, kí oòrùn tó mú. Ẹ dá ìdí rẹ̀ ní ìdábùú, ẹ já ewé tí omi yóò bò kúrò, kí ẹ má sì gbé e sí ojú oòrùn.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ẹ lè fi òdòdó náà sí, kí ẹ fúnra yín bu omi sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni kí ẹ padà lọ pààrọ̀ omi rẹ̀. Bí abọ́ bá wà nílẹ̀ tí a kò tíì fọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbàdúrà.