Àwòrán Omi Tí Kò Tí ì Dé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí gbogbo ojú tí ń wò wá láti ara ògiri Èkó ti ṣẹ̀ wá, kí ó rìn wọ Ṣómólú, kí ó gba òpópónà Shipeolu tàbí Bajulaiye kọjá nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi, tí kàlẹ́ńdà ìjọ, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ti olóṣèlú ń jáde ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀. Láti ibẹ̀ kò jìnnà sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn ti ń pẹja, tí wọ́n sì ń yan án, tí omi sì ń wọ ilé wọn láìkàgò. Èkó Arómisálẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ ni a ń ki ìlú wa, a sì fẹ́ràn oríkì náà títí òjò fi dé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò ni pé, ǹjẹ́ àwòrán lè mú ènìyàn gba ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀ gbọ́, bí ó bá sì gbà á gbọ́, kí ni ó jẹ àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí ní gbèsè?

Àwọn onímọ̀ ti wí pé láàárín 1901 sí 2018, òkun gbogbo ayé ga sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí kò ju kí a na àtàǹpàkò àti ìka àárín lọ. Kí ni obìnrin tí ń yan ẹja yóò fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe? Pósítà ayípadà ojú ọjọ́ tí a ya béárì funfun sí lórí yìnyín kò sì sàn ju ìṣirò náà lọ. Òjò ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Keje 2011, tí ó pa ènìyàn ní Èkó, ni yóò yé e, nítorí òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Ṣùgbọ́n bí a bá ya irú òjò bẹ́ẹ̀ sójú pátákó, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ni yóò fà wá padà sí ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí kẹsàn-án, pé Ọlọ́run ti bá Nóà dá májẹ̀mú pé òun kì yóò tún fi ìkún omi pa ayé run mọ́, àti pé ẹni tí ó ń ya ìkún omi ń sọ Ọlọ́run di onírọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àtakò yìí, nítorí ìgbàgbọ́ ni ó bí i. Síbẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ni májẹ̀mú náà dè. Kò de ọwọ́ ọmọ ènìyàn tí ń fi pàǹtí dí ojú omi, tí ń fi èéfín bo sánmà. Ẹ sì wo ohun tí Ọlọ́run fi ṣe àmì: òṣùmàrè ni ó fi sójú àwọsánmà, pé nígbà tí òun bá wò ó, òun yóò rántí. Bí Ẹlẹ́dàá tí kì í gbàgbé bá fi ohun tí ojú ń rí ṣe ìrántí fún ara rẹ̀, ta ni àwa tí a óò gan àwòrán?

Àwọn baba wa náà kò gàn án. Wọn a máa pìtàn pé Olókun Sẹ̀níadé gbéra ga, ó pe Olódùmarè, Atẹ́rẹrẹkáyé, níjà aṣọ wíwọ̀. Olódùmarè kò dìde lórí ìtẹ́, Agẹmọ ni ó rán gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Aṣọ tí Olókun bá wọ̀ jáde, irú rẹ̀ ni ó ń bá lára Agẹmọ. Ó pààrọ̀ títí, ó sú u, ó sì gbà pé bí ìránṣẹ́ bá rí báyìí, òun kò tó Ọ̀gá bá díje. Nínú ìtàn yìí, omi ni ó rí àwòrán ara rẹ̀ tí ó sì padà sí àyè rẹ̀. Lónìí, àwa ni a wọ aṣọ ìgbéraga, ẹ̀kọ́ náà sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́: Agẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ Agẹmọ.

Àwọn ìjọ aláṣọ funfun etí ọ̀sà mọ ọ̀nà tí a fi ń lo ohun tí a rí ṣáájú. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí S. B. J. Oschoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, ọwọ́ àwọn apẹja ni ó gbà dé Makoko. Nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀, bí aríran bá rí ewu, wọn kì í ká ọwọ́ lérí pé ó ti parí, àbẹ́là ni wọn yóò tàn, àwẹ̀ ni wọn yóò gbà, nítorí kí a lè yẹ̀ ẹ́ ni a ṣe fi hàn. Irú ìran bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwòrán ayípadà ojú ọjọ́ jẹ́; ẹni tí ó bá yà á bí ìdájọ́ tí kò ní àtúnṣe, ẹ̀rù nìkan ni ó tà. Àmọ́ àdúrà nìkan kò tó. Ní 1947 kan náà ni àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ aládùúrà tẹ Ayétòrò dó létí òkun, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, tí wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, tí àpò wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Ìlú náà ni òkun ń jẹ díẹ̀díẹ̀ báyìí, tí ilé àti ọ̀nà ń di omi. Kò sí ẹni tí yóò wí pé Ayétòrò kò gbàdúrà tó. Ìlàjẹ Bàrígà tí fídíò Ayétòrò bá dé orí fóònù rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀.

Ohun kan ń bí mi nínú nípa àwọn àwòrán tí a ń kó wá fún wa: tálákà ni ó máa ń wà nínú wọn, pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, lẹ́bàá gọ́tà. Òótọ́ ni pé ọ̀rá ń dí gọ́tà, kò sì burú bí ìjọba Èkó ṣe fòfin de ike oúnjẹ funfun nì ní Oṣù Kìíní 2024. Ṣùgbọ́n níbo ni iná gáàsì tí ń jó tọ̀sán-tòru ní Niger Delta wà nínú àwòrán náà? Níbo ni èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wà? Àwòrán tí ó gé ẹlẹ́bi ńlá kúrò, ẹ̀rí èké ni.

Bí wọ́n bá bi mí, n óò ní kí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú fi àwọn oṣù òjò sínú kàlẹ́ńdà ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí, kí àwọn apẹja fúnra wọn ya fọ́tò inú rẹ̀, kí ayàwòrán àdúgbò sì fa ìlà ọ̀dà pupa sára ògiri kọ̀ọ̀kan níbi tí omi dé ní ọdún tí ó pọ̀ jù, nítorí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo mọ̀ pé àwọn onílé kan yóò kọ̀ jálẹ̀, wọn yóò ní ìlà náà yóò lé ayálégbé sá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀dà tuntun pa àmì omi rẹ́ kí àlejò tó wá wo yàrá, tí ó sì gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ohun tí yóò sọ fún Ọlọ́run bí omi bá tún dé.