Nọ́ńbà Olóògbé

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìperindó ní kí n kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti inú ìwé ńlá sínú kọ̀ǹpútà. Django ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo parí, orúkọ 112 ló wà nínú ìwé, kọ̀ǹpútà sì ka 109 fún mi. Ẹ̀rọ náà kò pariwo níbì kankan pé àṣìṣe wà.

Alẹ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà ìwé owó ni mo fi ṣe kọ́kọ́rọ́ olúkúlùkù, ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní primary key. Láti ọdún 1970 tí E. F. Codd ti ilé iṣẹ́ IBM ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni méjì. Bí a bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàn án fúnra rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹni tuntun ló dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ 47, Django á kọ́kọ́ wá 47 kiri. Bí ó bá rí i, á gbà pé ẹni àná ni mo ń tún ìwé rẹ̀ ṣe, á sì kọ ti ẹni tuntun lé e lórí. Bí kò bá rí i ni yóò tó fi í kún un.

Nínú ìwé ńlá, ẹni méjì ló ní 47. Àkọ́kọ́ ni ìyá kan tó ti dolóògbé. Ekejì ni ọkùnrin tí wọ́n gbé nọ́ńbà náà fún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn nọ́ńbà kékeré, ó ń jẹ́ kí wọ́n dà bí àgbà ẹgbẹ́. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tó pòórá ti gba owó wọn tán kí wọ́n tó kúrò. Ìyá yìí kò gba owó kòkó tirẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nílùú, wọn kò sì tíì béèrè.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ fún ní kí n fi í sílẹ̀: òkú kì í gba owó, ta ló sì bi mí? Ṣé ìdákẹ́jẹ́ náà ń pa irọ́? Èmi gbà pé ó ń pa á, nígbà tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo dákẹ́ lé lórí. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ìyá òun fi owó sílẹ̀ kò lè bi mí.

Ó tún ní Yorùbá náà ń tún orúkọ lò, Yétúndé, Babátúndé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń sin gbèsè bàbá àgbà lọ́wọ́ Babátúndé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ? Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń tàwìn aṣọ kiri láyé àtijọ́, ojú onígbèsè àti ilé rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Wọn kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó kàn jókòó lórí àga rẹ̀.

N kò lè di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ. Mo lè pàṣẹ force_insert fún un, pé kíkọ tuntun nìkan ni mo fẹ́. Ìbá ti pariwo. N kò lò ó. Mo wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yan kọ́kọ́rọ́, mo sì fi nọ́ńbà ìwé owó sí òpó tirẹ̀, níbi tí ẹni méjì ti lè jẹ́ 47 láìpa ara wọn rẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo dìde, mo sọ ọ́. Àwọn kan pòṣé. Akápò ṣí ìwé ńlá, ó fi ìka sí orúkọ ìyá náà, ó sì béèrè ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ àgbà.