Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ń ṣọ́ Ọlọ́run ni?

Okùn tí mo so òkúta mọ́ nídìí ni mo fi ń wọn kànga mi ní Ìgbò-Ọrà. Láti kókó kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Kí ẹnikẹ́ni tó ju garawa sínú rẹ̀ láàárọ̀, mo ti ka iye kókó tó gbẹ. Mẹ́jọ ni lóṣù Ọ̀wàrà. Nígbà tó fi máa di Ẹrẹ́nà, ó ti di 22.

Ìyá kan ládùúgbò ló rẹ́rìn-ín sí mi: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ń ṣọ́ Ọlọ́run ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ kànga ni mo sanwó fún. N ò sanwó òjò. Àpáta líle ló wà lábẹ́ Ìbàràpá. Inú ilẹ̀ orí rẹ̀ àti ibi tó ti sán lomi ń sá pamọ́ sí, kò sì mọ ààlà ilé. Ṣé omi tèmi ni mò ń kà, àbí ti aládùúgbò?

Àwọn àgbà wa mọ sòbìà, àrùn omi adágún, kó tó di pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lọ́dún 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí mo bá ti kànga mọ́, adágún ni mo lé e lọ. Lójú tèmi, wíwọn omi kì í ṣe àìgbàgbọ́; àgádágodo ló jọ.

Lánàá, kókó 25 gbẹ. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kànga lé ìyá náà lọ́wọ́.