Ta Ló Kù Sórí Ìlà?

Bí ara ẹnìkan ò bá yá ní Mọ́kọ́lá, ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹ̀. Ó lè jí ní ìdájí kó gba UCH lọ, kò kúkú jìnnà. Ó sì lè yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tó wà ládùúgbò, kí wọ́n dá a lóhùn kíá, bí owó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé ti ìjọba ò wọ́n àmọ́ ó ń pẹ́, ti aládàáni yá àmọ́ ó wọ́n. Ó wá dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ dáadáa. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ìjọba ló ń san owó oṣù dókítà àti nọ́ọ̀sì. Owó káàdì, owó àyẹ̀wò, owó oògùn àti owó bẹ́ẹ̀dì ni aláìsàn ń san. Àmọ́ ó máa tò kó tó gba káàdì, ó máa tò kí wọ́n tó wá fáìlì ẹ̀ jáde, ó máa tò kó tó sanwó, ó tún máa tò kó tó fojú kan dókítà. Bí wọ́n bá ní kó lọ rí dókítà àgbà tó mọ̀ nípa àìsàn ẹ̀ gan-an, ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún un lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà yẹn, ó sì lè jẹ́ oṣù. Ní ti aládàáni, ìjókòó náà ò pẹ́, àmọ́ wọ́n lè béèrè owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fún èèyàn ní bẹ́ẹ̀dì. Iye tí wọ́n á pè lè gbé odindi owó oṣù ẹni tó ń gba ₦70,000 mì, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024.

Ẹ wá wo eléyìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé dókítà kan náà ni. Ó wà ní ti ìjọba láàárọ̀, ó wà ní ti aládàáni nírọ̀lẹ́. Ìmọ̀ orí ẹ̀ ò lè pọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Kí wá ni olówó ń rà? Àsìkò ló ń rà. Ẹni tí kò lówó náà ò sì gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Àsìkò lòun fi ń san tiẹ̀. Bí télọ̀ tàbí alákàrà bá fi odindi ọjọ́ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó máa san owó ọjọ́ yẹn fún un. Àwa tí à ń gba owó oṣù lè jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí owó oṣù wa má dín kọ́bọ̀ kan. Ìlà kan náà ni, àmọ́ iye tó ń ná ẹni tó ń jẹ iṣẹ́ òòjọ́ ju iye tó ń ná wa lọ. Torí náà, ká má kàn sọ pé ti ìjọba ò wọ́n. Ká béèrè pé ta ni kò wọ́n fún.

Ìbéèrè tó wà ńbẹ̀ gan-an nìyí: ṣé ó tọ́ kí owó máa pinnu ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn nígbà tí ara ò bá yá?

Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà jẹun, ọ̀rọ̀ ìlà ò ṣàjèjì sí wa, torí inú kọ̀ǹpútà kún fún ìlà. Òfin tó rọrùn jù ni pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn. Òfin kejì ni pé iṣẹ́ tó bá jẹ́ kánjúkánjú ló máa ṣíwájú. Ìṣòro òfin kejì yìí ni pé bí àwọn iṣẹ́ kánjúkánjú ò bá yéé dé, iṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn lè dúró títí láé. Starvation ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ebi ló ń pa iṣẹ́ náà kú. Àtúnṣe ẹ̀ ò le: bí iṣẹ́ kan bá ṣe ń pẹ́ sí i lórí ìlà, bẹ́ẹ̀ ni ká máa gbé e gòkè sí i.

Àwọn èèyàn náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe ò ní bínú pé wọ́n gba iwájú òun kọjá. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2014 pàápàá sọ ọ́: ilé ìwòsàn kankan, ì báà ṣe ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì fún ìdí yòówù. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè san ₦100,000, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ohun tí ò ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìdájí ni òfin méjì tó kù: òfin "mo lówó" àti òfin "mo mọ ẹnìkan nínú ilé." Ìkejì yìí, inú ilé ìwòsàn ìjọba gan-an ló ń gbé, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ti ìjọba mọ́ tónítóní.

Ẹnìkan á ní, "Ẹ dákẹ́ jàre. Bí olówó bá kúrò lórí ìlà, ṣebí ìlà á kúrú fún àwọn tó kù? Oore ló ṣe." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn.

Lọ́dún 1970, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Albert Hirschman gbé ìwé kan jáde, Exit, Voice, and Loyalty. Rélùwéè Nàìjíríà ló mú èrò ìwé náà wá. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ Ìbàdàn, àwọn tó bá ń kọjá ní Dùgbẹ̀ sì mọ ilé ẹ̀. Hirschman rí i pé lọ́ọ̀rì ń gba ẹrù mọ́ rélùwéè lọ́wọ́, títí kan ẹ̀pà tó ń bọ̀ láti òkè Ọya, ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn á rò pé rélùwéè á tún ìwà ẹ̀ ṣe. Kò tún un ṣe. Ìdí ni pé àwọn oníbàárà tí ariwo wọn ì bá ta àwọn ọ̀gá jí ló kọ́kọ́ kó ẹrù wọn sínú lọ́ọ̀rì. Owó ìjọba ò kúkú gbẹ, kí ló fẹ́ máa dun rélùwéè?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba nìyẹn. Ẹni tó bá kúrò lórí ìlà ń kó ẹnu ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ìwé kọ, tó mọ aṣòfin, tó lè pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí tí wọ́n á fi gbọ́, òun ló kọ́kọ́ lọ. Ìlà kúrú díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó kù síbẹ̀ ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í fetí sí. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà NARD daṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹwàá. Ẹni tó ní káàdì HMO nínú àpò lè má mọ̀ pé ohun kankan ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ohun tó lé ní 100 ọjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú. Nígbà tí ẹni tó ń darí ìlú pàápàá ti kúrò lórí ìlà, ta ló fẹ́ sọ fún un pé ìlà náà ò lọ?

Ẹ sì wo UCH. Láti apá ìparí ọdún 2024 wọ ọdún 2025, IBEDC já iná wọn nítorí gbèsè, ó sì lé ní 100 ọjọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn wo ló pariwo jù? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ni, àwọn tí ò ríbi lọ. Àwa tó kù ní Ìbàdàn kà á lórí fóònù, a mi orí, a kọjá. Ọmọ tó bá káwọ́ sókè là ń gbé, àmọ́ àwọn tí apá wọn gùn jù ò sí nínú yàrá náà mọ́.

Ká má sọ pé ọ̀fẹ́ nìkan ló máa yanjú ẹ̀. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè ń ṣe gómìnà Ọ̀yọ́, láti 1979 sí 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN ṣèlérí. Ìlú Ọba ti ń ṣe tiwọn láti ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, síbẹ̀, lọ́dún 2023, ìtọ́jú tí àwọn èèyàn ń dúró dè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ní mílíọ̀nù 7. Níbi tí a bá ti yọ owó kúrò, ìdúró ló máa ń di owó. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé olùkọ́, awakọ̀ àti lọ́yà wọn, ìlà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tò sí. Ìdí nìyẹn tí ìlà gígùn fi jẹ́ ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú ò lè yẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìbò ọdún 2024. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Àbújá lọ́dún 2001, wọ́n ṣèlérí pé ìlera á máa gba ìdá 15 nínú 100 ìsúná. Nàìjíríà ò tíì dé ibẹ̀ rí. Ta ló ń bi wọ́n?

Ṣé ohun tí à ń sọ ni pé kéèyàn gbé ọmọ tí ara ẹ̀ ń gbóná lọ sórí bẹ́ǹṣì, torí pé ó fẹ́ ṣe olóòótọ́? Rárá o. Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Àwa náà á sanwó, ọmọ wa á sì rí dókítà. Àmọ́ òwe yẹn ò sọ pé ká gbọn tara wa tán, ká wá jókòó. "Kọ́kọ́" ló wí.

Èyí tó kù wá ńkọ́? Òfin NHIA ti ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo èèyàn. Ohun tó dára nínú ẹ̀ ni pé owó ẹni tí ara ẹ̀ le àti ti ẹni tí ara ẹ̀ ò yá á wà nínú àpò kan náà, olówó àti mẹ̀kúnnù á sì jọ máa bínú bí àpò náà bá jò. Àmọ́ òfin lórí ìwé nìyẹn. Bí ẹni tó lè sanwó níbòmíì bá tún fa ara ẹ̀ sẹ́yìn, àpò àwọn aláìní nìkan ló máa dà, ọ̀rọ̀ á sì tún di ti rélùwéè. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìbéèrè kan la fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín: ìgbà wo lẹ béèrè kẹ́yìn nípa ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín jù, nígbà tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yin lara yín ò yá?