Ẹni Tó Mú Okùn Lọ́wọ́

Gbogbo wa la mọ òwe tó sọ pé ibi tí wọ́n bá so ewúrẹ́ mọ́, ibẹ̀ ló ti ń jẹ. Ní orílẹ̀-èdè wa yìí, àwọn tó ń jẹ owó ìlú ni a sábà máa ń fi òwe náà gbèjà. Wọ́n fi lágbájá sípò, ó jẹun níbẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi yọ, a ní kí la fẹ́ kó ṣe? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ bi yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ni pé: ta ló so ewúrẹ́ náà? Bí koríko ibẹ̀ bá tán ńkọ́? Òwe ò sọ ìyẹn fún wa. Ó wo ewúrẹ́, ó wo koríko, kò wo ẹni tó mú okùn lọ́wọ́.

Kì í ṣe ewúrẹ́ ló gbé ìbéèrè yìí sí mi lọ́kàn o. Ẹran tó kéré jù ú lọ ni. Ní ilé wa ní Òkìtìpupa, àbúrò mi ọkùnrin ń sin guinea pig kan. Àgùnbánirọ̀ tó gba yàrá nínú ilé wa ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó parí iṣẹ́ ìsìnlú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní eku òyìnbó. Àbúrò mi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ẹran náà kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ti Guinea wá. Lórí òkè Andes, níhà Peru, ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹran ilé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Títí dòní, wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ bí àwa náà ṣe ń jẹ ọ̀yà.

Àìsàn méjì ni Jẹ́jẹ́ ń bá yí. Èkíní wà ní àyà rẹ̀. Imú ni irú ẹran yìí gbẹ́kẹ̀ lé láti mí, kì í fi ẹnu ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ bíi tiwa. Bí ikun bá dí imú náà, ìyọnu dé nìyẹn. Èémí rẹ̀ á máa dún bíi fèrè tó ya, ìhà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, kò sì ní fẹ́ jẹun. Èkejì wà ní àpò ìtọ̀ rẹ̀. Kálísíọ̀mù máa ń dì síbẹ̀ bí ẹfun, á di òkúta. Bó bá fẹ́ tọ̀, á ká ara jọ, á ké, ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀lé ìtọ̀. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ẹran tí àwọn ẹran mìíràn ń pa jẹ kì í fi àìsàn hàn bọ̀rọ̀. Kó o tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá, ó ti pẹ́ tó ti ń pa á mọ́ra.

Dókítà ẹran tó wò ó sọ òótọ́ fún wa. Ó ní àìsàn méjèèjì ṣeé dín kù, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí pé wọn ò ní padà. Ìtọ́jú wá di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ó kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ fún un ní ampicillin tàbí amoxicillin, oògùn tí àwa máa ń sáré rà ní kẹ́mísì bí ara wa ò bá yá. Ó lè pa á, torí ó máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, àwọn burúkú á sì gba ilé. Ibùsùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ nígbà gbogbo: òórùn ìtọ̀ tó pẹ́ nínú àgò máa ń ta ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí àìsàn ìsàlẹ̀ á fi máa ran tòkè lọ́wọ́. Omi ò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Tẹ̀tẹ̀ tó fẹ́ràn di ohun tí a ń fún un ní ìwọ̀nba, torí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Gúáfà díẹ̀díẹ̀ dára fún un, nítorí ara rẹ̀, bíi tiwa, kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Ewúrẹ́ lè ṣe é o, àwa àti Jẹ́jẹ́ ò lè ṣe é.

Èéfín ló wá kù. Ìyá àgbà ń ṣe pupuru, oúnjẹ tí wọ́n fi ń mọ àwa ọmọ Ìkálẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n: wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á wá tò ó sórí àjà lókè iná kó lè gbẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú. Iná náà kì í ṣe iná ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A gbé àgò Jẹ́jẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

Aládùúgbò wa kan rí gbogbo làálàá yìí, ó pariwo: "Ẹ̀yin ọmọ ìwé! Èèyàn ò rówó oògùn, ẹ̀ ń gbé eku lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ fi se ọbẹ̀ jàre." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Owó tí dókítà gbà tó owó pupuru ọjà kan. Ó yẹ kí n lè sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan á ní àánú ni. Ṣebí a mọ̀ pé igi tí a bá fi gún ọmọ ẹyẹ, ká fi gún ara wa wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àánú máa ń rẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ilé ló ń bẹ Jẹ́jẹ́ wò. Lóṣù kẹta, àbúrò mi nìkan ló ń pààrọ̀ ibùsùn ẹlẹ́tọ̀. Tó bá jẹ́ àánú nìkan ló so wá pọ̀ mọ́ ẹran yìí, ẹran á ti kú.

Èrò tèmi ni pé gbèsè ni. Ọ̀yà tó wà nínú igbó, èmi ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e dódò. Bí èéfín bá dé, á sá. Bí ọdẹ bá pa á, ọdẹ kò gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pa á. Ṣùgbọ́n ẹran inú àgò, a ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi tí ì bá wá fúnra rẹ̀, ewé tí ì bá yàn, atẹ́gùn tí ì bá sá lọ bá, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ṣe fún un ni a jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé ó rẹwà, kì í ṣe pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ń sin adìyẹ tó fẹ́ pa lọ́dún Kérésì jẹ adìyẹ náà ní gbèsè kan náà títí di òwúrọ̀ Kérésì.

Okùn tí ọmọ aráyé fi so ẹran yìí sì gùn. Ní ọdún 1783, nílẹ̀ Faransé, Antoine Lavoisier àti Pierre-Simon Laplace ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbé ọ̀kan sínú àpótí tí yìnyín yí ká, tí wọ́n wọn omi tó yọ́, tí wọ́n sì fi hàn pé mímí jọ iná tó ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Robert Koch lò wọ́n nígbà tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó kéde rẹ̀ ní 1882. Ní 1907, ní Norway, ara wọn ni Axel Holst àti Theodor Frølich ti rí i pé àìrí oúnjẹ tútù jẹ ló ń fa scurvy, àìsàn tó ń pa àwọn atukọ̀ òkun. Ọ̀nà tó gbé wa dé ìdí fítámì C nìyẹn. Ohun tí a mọ̀ nípa èémí tiwa, ẹran inú àpótí wà lára àwọn tó kọ́ wa.

Ṣé gbèsè náà ò wá lópin ni? Ó lópin. A ò jẹ Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀mí tí kò ní kú. Bó bá di ọjọ́ tí òkúta náà ò jẹ́ kó sinmi mọ́, tí kò jẹun, tí dókítà sì ní abẹ́rẹ́ tí yóò jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí a bá ní rárá nítorí pé àbúrò mi á sunkún, nígbà náà, tara wa là ń ṣe. Ọjọ́ yẹn ò tíì dé.

Mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí ní ilé ìdáná nígbà ìsinmi sẹ́mẹ́sítà, mo rò pé mo ti borí. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ikọ́ dá a dúró, ó wá ní: "O ní ẹni tó so ẹran ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èmi ńkọ́? Ta ló so mí mọ́ iná?"

Ẹnu máa ń yá èèyàn láti sọ pé kò sẹ́ni tó so ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bẹ, ẹnu rẹ̀ ń bẹ. Ṣùgbọ́n owó pupuru yẹn náà ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé mi. Ìwé tí mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú, inú èéfín ló ti jáde. Okùn tí ojú ò rí ni, okùn náà ṣì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Nílé tèmi, mo mọ orúkọ ẹni tó ń húkọ́.

Àmọ́ gbèsè èèyàn yàtọ̀ sí ti ẹran níbì kan. Ẹran ò lè sọ ohun tó fẹ́. A ní láti máa wò ó. Èèyàn lè sọ ọ́, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí a jẹ ẹ́ ni pé ká bi í. A bi í. Ó ní òun ò ní fi pupuru sílẹ̀, iṣẹ́ tí ìyá òun kọ́ òun ni. Ohun tó fẹ́ ni pé ká wó ògiri ilé ìdáná níhà tí atẹ́gùn ti ń wá, kí ọwọ́ ọmọdé sì máa yí pupuru lórí àjà lálẹ́. A ti wó ògiri. Àwa tí a bá wà nílé ń yí i. Ìyá àgbà ṣì ń húkọ́ nígbà ọyẹ́.

Bí owó bá wá dé tí kò lè tó ju ẹnì kan lọ, ta ni n ó fún? Ìyá àgbà ni, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n pé mo kọ́kọ́ san gbèsè ńlá kò pa gbèsè kékeré rẹ́. Ohun tí mo máa sọ fún aládùúgbò wa nìyẹn: kò burú pé ó ní ká rántí èèyàn. Ìrònú tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ eku náà ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lórí bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ̀lì, ẹ ronú ẹni tó dúró síbì kan tí kò dára fún un nítorí kí ẹ lè wà níbi tí ẹ wà. Ẹ lọ bi í ní ohun tó fẹ́. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ wo bó ṣe ń mí.